Láptọ́ọ̀pù ń pín Wi-Fi, géèmù ọwọ́ ò rí i: ẹ bá mi wò ó

Atamátàsé

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dá mi lágara láti àná. Yàrá tí mo wà yìí, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló yọ lára ògiri, kò sí router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Mo ki wáyà bọ láptọ́ọ̀pù, Windows 10 ni, íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ geere. Mo wá tan Mobile hotspot, èyí tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù fi Wi-Fi pín íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí Nintendo 3DS mi, géèmù ọwọ́ ni, lè rí nǹkan mu níbẹ̀, torí géèmù kan wà tí mo ti rà nígbà kan tí mo fẹ́ tún gbà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Nintendo ò tajà mọ́ ní ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 3DS láti March 27, 2023, àmọ́ ohun téèyàn ti rà ṣì ṣeé tún gbà.

Fóònù mi rí hotspot náà lójú ẹsẹ̀, ó wọlé. 3DS wá a, wá a, ó ní òun ò rí ohun tó jọ ọ́. Mo gbé e sún mọ́ láptọ́ọ̀pù títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu kora. Pàbó. Ṣé 3DS ló ti bàjẹ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe?

Wáyà_Dára_Jù

Kò bàjẹ́ o. Ẹ má tíì gbé e lọ bá alátùn-únṣe kankan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìgbì tí hotspot yín wà lórí ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù òde òní lè sọ̀rọ̀ lórí 2.4 GHz, ó sì lè sọ̀rọ̀ lórí 5 GHz. Fóònù yín gbọ́ méjèèjì. 3DS tó jáde lọ́dún 2011 yìí, 2.4 nìkan ló gbọ́. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń sọ̀rọ̀ lórí 5, ẹ̀ báà so wọ́n mọ́ra bí ìbejì, 3DS ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan ń pe òun.

Ẹ lọ sí Settings, Network & Internet, Mobile hotspot, kí ẹ tẹ Edit. Lábẹ́ orúkọ àti password ni ẹ ó ti rí Network band. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Any available ló wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé láptọ́ọ̀pù ló ń yan èyí tó wù ú. Ẹ yí i sí 2.4 GHz, ẹ Save, ẹ pa hotspot pátápátá, ẹ tún un tàn, kí ẹ tó ní kí 3DS wá a.

Ẹni tó bá ń ka èyí tó ní PS Vita, géèmù ọwọ́ ti Sony, tìrẹ náà nìyí: 2.4 nìkan. Àwọn Nintendo Switch, láti 2017 tí wọ́n ti jáde, gbọ́ méjèèjì, kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìyá_Onígéèmù

Mo fẹ́ fi kún un. Ẹ wo orúkọ tí ẹ fún hotspot náà. Orúkọ ọmọ mi ni mo fi ṣe tèmi, mo fi gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i pérépéré, inú mi dùn sí i. Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà kọ ọ́ bí ẹni da àpótí kéékèèké sílẹ̀, kò sì gbà láti wọlé. Mo kọ orúkọ yẹn láìní àmì, láìsí àlàfo, ó wọlé. Àmì ohùn ṣe pàtàkì nínú ìwé, ẹ má fi í sí orúkọ hotspot.

Password náà ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ tó lẹ́tà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orí bọ́tìnnì tó kéré bí èékánná ni ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ yẹra fún òdo àti O, fún 1 àti l. Mo ti fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú bá ẹ̀rọ jà nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Atamátàsé

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé gan-an. Any available ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo yí i sí 2.4, mo pa á, mo tún un tàn, 3DS ti kọ orúkọ rẹ̀ sójú kí n tó mí kanlẹ̀.

Ayọ̀ mi ò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó dé ibi tó ti máa ń dán ìsopọ̀ wò, ó yí, ó yí, ó ní kò ṣeé ṣe. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé mo rí i kedere lójú láptọ́ọ̀pù: Devices connected, 2 of 8. Fóònù rèé, 3DS rèé, nọ́ńbà 3DS náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 192.168.137.214. Ó wọlé, kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ fóònù ń ka ìròyìn lọ ní tiẹ̀ lórí hotspot kan náà.

Wáyà_Dára_Jù

Nọ́ńbà yẹn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. 192.168.137 yẹn, Windows ló máa ń há a fún ẹni tó bá wọ hotspot rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ni 192.168.137.1. Nítorí náà password tọ̀nà, ìgbì tọ̀nà, ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó tì, ìyẹn láti láptọ́ọ̀pù bọ́ sí ìta.

Ẹ ṣe ohun kan fún mi ká tó lọ síwájú. Ẹ pa dátà fóònù yín, kí Wi-Fi nìkan ṣẹ́ kù, kí ẹ wá tún ìròyìn yẹn kà. Fóònù máa ń gbọ́n ju olówó rẹ̀ lọ. Bó bá ti rí i pé Wi-Fi tí òun dì mọ́ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á yọ́ lọ sórí dátà, kò ní sọ fún yín.

Atamátàsé

Yéè! Mo pa dátà, ìròyìn dúró gbọnin. Àṣé dátà mi ni mo ń jẹ láti àná.

Wáyà_Dára_Jù

Ó tì, ẹ má bínú sí fóònù, ó kàn fẹ́ràn yín ni. Ní báyìí a mọ ibi tí àrùn wà. Ẹ wo òkè ojú ewé hotspot yẹn, ibi tí wọ́n kọ Share my Internet connection from. Ethernet, ìyẹn wáyà yín, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Wi-Fi tàbí nǹkan mìíràn, láptọ́ọ̀pù ń pín àwo òfìfo nìyẹn.

Bó bá jẹ́ Ethernet lóòótọ́, ìbéèrè mi kejì: ṣé VPN, sọ́fítíwíà tó ń gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, wà lórí láptọ́ọ̀pù yín? Ọ̀pọ̀ VPN ló máa ń ti gbogbo ọ̀nà mìíràn pa kí nǹkan kan má baà jò. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù wá á kọjá, ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ àlejò inú hotspot wá, wọ́n á dá a padà lẹ́nu ibodè. Àwọn sọ́fítíwíà agbógun-ti-kòkòrò kan tó ní firewall tiwọn, ìyẹn odi tó ń dènà ìsopọ̀, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ pa VPN, ẹ dán an wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá firewall yẹn dúró fún ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ dán an wò, ẹ tún un dá padà.

Bí méjèèjì ò bá ṣe é, ẹ fi ọwọ́ kọ àwọn nọ́ńbà sínú 3DS. Ẹ wọ ibi tí ẹ ti lè yí ìsopọ̀ yẹn padà, ẹ ní kó má gba IP, ìyẹn nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìsopọ̀, fúnra rẹ̀. IP: 192.168.137.50. Subnet: 255.255.255.0. Gateway: 192.168.137.1. DNS (ẹni tó ń bá ẹ̀rọ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì): 8.8.8.8, èkejì 1.1.1.1. Mo ti rí i nígbà púpọ̀ pé DNS nìkan ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, gbogbo ìyókù wà ní dídára.

Arúgbó_PSP

Àbúrò, o ṣoríire pé 3DS ni tìrẹ. Èmi PSP, géèmù ọwọ́ Sony tó ṣáájú Vita, ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ẹ̀ ka èyí kó tó pàdánù oorun bíi tèmi.

Àkọ́kọ́, bọ́tìnnì Wi-Fi kan wà lára PSP fúnra rẹ̀, ti ọwọ́ gidi, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Mo fi wákàtí kan tún Windows tò kí n tó rí i pé ó wà ní pípa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Èyí tó ń jẹ́ E1000 kò tilẹ̀ ní Wi-Fi rárá, ẹ má wá ohun tí kò sọnù.

Èkejì, PSP máa bi ọ́ bóyá Infrastructure tàbí Ad Hoc. Infrastructure ni kí o mú. Ad Hoc yẹn, kí PSP méjì lè bá ara wọn ṣeré ni, kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ń sọ pé kí èèyàn ṣe ad hoc lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kí PSP wọ̀ ọ́. Mo ṣe é. Wọn ò rí ara wọn sójú.

Ẹ̀kẹta yìí gan-an ló dùn mí jù. WPA àti WPA2 ni ọ̀nà ààbò tí Wi-Fi fi ń lo password. PSP gbọ́ WPA, kò gbọ́ WPA2. Hotspot ti Windows, WPA2 ló ń sọ. Nítorí náà PSP á rí orúkọ, á gba password, á wá kọ̀ ọ́ lójú rẹ, ìwọ á máa rò pé o ṣi password tẹ̀. Mo yí password mi lẹ́ẹ̀mẹ́fà! Kí ẹ tó béèrè: rárá, kò sí ibi téèyàn ti lè sọ fún Mobile hotspot pé kó lo WPA àtijọ́.

Pẹngúìnì

Ẹ̀gbọ́n Arúgbó_PSP, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó tún kù díẹ̀ síbẹ̀. Orí Wi-Fi Direct, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń sopọ̀ mọ́ra láìsí router, ni wọ́n gbé Mobile hotspot kà, Wi-Fi Direct kì í sì í lo àwọn ìyára ti 802.11b, irú Wi-Fi àtijọ́. PSP àti Nintendo DS, 802.11b ni gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ yanjú WPA, ẹsẹ̀ wọn ò lè bá ara wọn mu.

Ohun tó ṣe é fún mi ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Ẹ lè gbé e sórí USB, kí ẹ fi í tan láptọ́ọ̀pù láìfọwọ́ kan Windows. Ẹ kọ́kọ́ tẹ iw list, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Supported interface modes sí. Bí AP bá wà níbẹ̀, káàdì Wi-Fi yín lè ṣe router. Bí kò bá sí, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi ìyókù dá ara yín lóró.

Fún 3DS, Vita àti Switch, ìlà kan ti tó:

nmcli device wifi hotspot ssid GEEMU password mejolekan band bg

band bg yẹn ló ń so ó mọ́ 2.4. Nọ́ńbà tí ẹ ó rí lọ́tẹ̀ yìí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.42.0, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Fún PSP, ẹ máa nílò hostapd, sọ́fítíwíà tó ń sọ káàdì Wi-Fi di router, ẹ ó sì fi ọwọ́ kọ fáìlì kékeré kan:

interface=wlan0
ssid=GEEMU
hw_mode=g
channel=6
wpa=1
wpa_key_mgmt=WPA-PSK
wpa_pairwise=TKIP
wpa_passphrase=mejolekan

wpa=1 ni gbogbo idán. Bí ẹ bá fi 2 síbẹ̀, WPA2 nìyẹn, PSP á yíjú. hostapd kì í há nọ́ńbà IP fúnra rẹ̀ o, dnsmasq ló máa ń bá a ṣe ìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní kí Linux máa gbé dátà kọjá láti ojú kan sí èkejì.

Lóòótọ́, bí router àtijọ́ kan bá wà nínú àpótí níbì kan tó lè ṣe WPA àti WPA2 pọ̀, ẹ ki wáyà bọ ọ́, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ yìí.

Ìyá_Onígéèmù

Ẹ jọ̀ọ́, DS Lite ti àkọ́bí mi ńkọ́? Ó ń yọ mí lẹ́nu lójoojúmọ́.

Pẹngúìnì

Mà, DS tó jáde lọ́dún 2004 àti DS Lite, WEP, ọ̀nà ààbò Wi-Fi tó ṣáájú WPA, ni wọ́n gbọ́, tàbí Wi-Fi tí kò ní password rárá. DSi ti 2008 ní àlàfo ìsopọ̀ mẹ́ta míì, 4 sí 6, tó gba WPA2, ṣùgbọ́n àwọn géèmù DS kì í wo ibẹ̀, 1 sí 3 nìkan ni wọ́n ń wò. Èyí máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé kí ni ọmọ fẹ́ ṣe lórí ẹ̀. Wọ́n ti pa sáfà DS láti May 20, 2014. Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ ṣeré nínú yàrá kan náà, DS méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, wọn ò nílò láptọ́ọ̀pù, wọn ò nílò hotspot. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ti dá sáfà tiwọn sílẹ̀ fún àwọn géèmù kan, téèyàn á kàn yí DNS inú DS padà. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló ń lé, kí ó lọ tẹ́lẹ̀.

Láyé ìgbà náà, Nintendo tilẹ̀ ta ohun kékeré kan fún USB ní 2005, téèyàn á ki bọ kọ̀ǹpútà Windows XP tó sì máa di hotspot fún DS. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lónìí yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Arúgbó_PSP

Mo ní ọ̀kan nínú ohun USB yẹn! Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Láptọ́ọ̀pù tó lè lò ó ni kò sí mọ́.

Wáyà_Dára_Jù

Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣí Wi-Fi láìní password fún DS, tàbí kí ẹ fi WEP sí i: láti 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé WEP ṣeé já. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà á. Ní ojú tèmi, WEP àti àìní password, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ ṣí i nígbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣeré, ẹ jókòó tì í, ẹ pa á bó bá ti parí. Kí láptọ́ọ̀pù má pín fáìlì kankan sórí hotspot náà, ẹ má sì wọ àkáǹtì báǹkì lásìkò yẹn. Fífi nọ́ńbà MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, dí àwọn èèyàn lọ́nà kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó bá lè já WEP lè ya nọ́ńbà yẹn lò.

Bí ẹ bá fẹ́ lo WEP náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà 5 tàbí 13 gẹ́lẹ́, kò gba 6, kò gba 12.

Ajẹápù

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti Mac. System Settings, General, Sharing, Internet Sharing. Mac ò lè gba Wi-Fi kó tún fi Wi-Fi náà pín in. Kí ó gbà á nínú wáyà, tàbí nínú fóònù tó wà lórí USB, kó wá fi Wi-Fi pín in. Nínú Wi-Fi Options, ẹ mú channel 1, 6 tàbí 11 fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. 36 sókè, 5 GHz nìyẹn.

Ẹsẹ̀_Kan_Nílé

Ẹ forí jì mí, mo wọ àárín ọ̀rọ̀. Windows 7 ni tèmi, kò sí Mobile hotspot níbẹ̀, Vita ni mo ní.

Wáyà_Dára_Jù

2016 ni Mobile hotspot dé inú Windows 10, òun ni ẹ ò ṣe rí i. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ tẹ netsh wlan show drivers, ẹ wo ibi Hosted network supported. Bó bá jẹ́ Yes:

netsh wlan set hostednetwork mode=allow ssid=GEEMU key=mejolekan
netsh wlan start hostednetwork

Ìyẹn ò tíì parí rẹ̀ o. Ẹ ṣí ncpa.cpl, ẹ wá ojú tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, Ethernet yín, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, Properties, Sharing. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa fún hotspot tuntun náà ní ààyè. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ fi àmì Sharing sí ara hotspot fúnra rẹ̀. Ìyẹn dà bí ẹni ń pọn omi láti inú korobá padà sínú kànga.

Bó bá jẹ́ pé Wi-Fi ni láptọ́ọ̀pù yín fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé káàdì kan ṣoṣo ló ń gbà tó tún ń pín. Ó máa lọ́ra, bóyá dé ìdajì. Bí router tí ẹ wà lórí ẹ̀ bá sì wà lórí 5 GHz, àwọn káàdì kan á fa hotspot lọ síbẹ̀ náà tipátipá, Vita ò sì ní rí i. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ 2.4 ti router lákọ̀ọ́kọ́.

Ìka_Mẹ́wàá

Switch ni tèmi, ó ń wọlé dáadáa, géèmù ń bọ́ sílẹ̀, àmọ́ bí mo bá fẹ́ bá èèyàn ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í rí ẹnì kankan, tàbí kó já láàárín eré.

Pẹngúìnì

Ẹ lọ sí System Settings, Internet, Test Connection, ẹ wo lẹ́tà tó wà níwájú NAT Type, tó ń sọ bí ọ̀nà láàárín Switch àti àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣí tó. A àti B dára, D ni ẹ ó máa bá fà á. Láptọ́ọ̀pù ń fi orúkọ ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ Switch jáde, router tó wà níwájú rẹ̀ tún ń fi orúkọ tirẹ̀ gbé e. Ìdè di méjì. Gbígba géèmù sílẹ̀ ò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn, bíbá ara ẹni ṣeré tààrà ló máa ń kú sí i. Bí router bá wà nítòsí yín, ẹ so Switch mọ́ ọn tààrà, ẹ yọ láptọ́ọ̀pù kúrò láàárín. Èrò tèmi ni pé ibi tí router ò bá sí nìkan ni láptọ́ọ̀pù ti wúlò, tàbí ibi tí Wi-Fi ti ń béèrè kí èèyàn wọlé lórí ojú ewé kan tí ẹ̀rọ géèmù ò lè ṣí. Láptọ́ọ̀pù á wọlé, ẹ̀rọ géèmù á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ bí wáyà náà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó pín in.

Atamátàsé

Mo ti dé o! VPN ni! Mo tan án lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí iṣẹ́ kan, mo sì gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀, ó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ ojú láptọ́ọ̀pù bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo pa á, 3DS dán ìsopọ̀ wò, ó ní ó ti yege. Mi ò tilẹ̀ dé ibi DNS.

Ìtàn ò parí síbẹ̀. Géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀, mo bá pa láptọ́ọ̀pù dé bí mo ṣe máa ń ṣe lálaalẹ́, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà, ó ti já.

Wáyà_Dára_Jù

Ẹ̀hẹ́n! Láptọ́ọ̀pù tó bá sùn, hotspot sùn nìyẹn. Control Panel, Power Options, Choose what closing the lid does, ẹ fi Do nothing sí i, kí ẹ sì fi í sórí iná. Nínú ojú ewé hotspot náà, Power saving wà níbẹ̀ tó máa ń pa á bí kò bá rí àlejò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ pa òun náà.

Atamátàsé

Mo ti ṣe é. Ó ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo jókòó tì í, mi ò wẹ̀ mọ́.